Ewé Kan Tí Ó Kù Nínú Oògùn Wa

Bí ènìyàn bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ní ibùdókọ̀ Tudu tàbí ní àyíká ọjà Makola ní ìlú Accra, kò ní ṣàì gbọ́ ohùn alágbo kan láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èdè Twi ni ó sábà máa ń fi polówó, ọ̀rọ̀ tí ó sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ jù lọ ni kooko. Kooko yìí ni àwa Yorùbá ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tí inú ń run, alágbo yóò ní kooko ni. Ẹni tí ìdí ń ta, kooko ni. Ẹni tí ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kooko ni. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò lè dìde nílẹ̀, kooko náà ni. Ìgò kan ṣoṣo ni ó sì gbé dání fún gbogbo wọn. Bí a bá wọkọ̀ dé Èkó tàbí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó bá lẹ́nu àwọn alágbo ibẹ̀. Èdè nìkan ni ó yàtọ̀.

A kò sọ èyí láti fi alágbo ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa dàgbà, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù lónìí ni pé àìsàn kan wà tí ó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ jẹ̀díjẹ̀dí, tí ó ń ba ìfun àwọn ènìyàn wa jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti pé àwa tí a ń kọ̀wé ìròyìn, tí a sì ń fi ogún àwọn baba wa yangàn, ní ìpín tiwa nínú ẹ̀bi náà.

Olùkọ́ kan, ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Accra, ni ó jẹ́ kí a mọ èyí. Ọdún méjì gbáko ni ó fi ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti ikun. Ó di ẹni tí kò lè kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan parí kí ó tó sáré jáde kúrò ní kíláàsì. Ó rù, ojú rẹ̀ funfun, ẹ̀wù rẹ̀ sì dà bí èyí tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní gbogbo àkókò náà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ó ń mu. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ẹ̀rọ tín-ín-rín tí ó ní iná lẹ́nu wo inú ìfun rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n bá egbò níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn. Láàrin oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ dá, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n bí ara ti yá tán ni ó pa oògùn ilé ìwòsàn tì, tí ó padà sí ìdí ìgò àgbo. Kò pé ọdún kan tí àìsàn náà fi padà dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí a lọ kí i, a bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi dá oògùn yín dúró?" Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Àbúrò mi, ṣebí ẹ̀yin akọ̀wé ìròyìn ni ẹ sọ fún wa pé ewé wa kò kéré sí oògùn Òyìnbó kankan? Mo gbà yín gbọ́ ni." Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́nu mọ́. Ìdáhùn tí a kò rí fún un lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ kọ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àìsàn náà dájú. Jẹ̀díjẹ̀dí tòótọ́ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú ní ihò ìdí. Èyí tí a ń wí yàtọ̀ sí i pátápátá. Àwọn ọmọ ogun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ara láti máa bá kòkòrò àrùn jà ni wọ́n dìde sí ìfun fúnra rẹ̀, tí ìfun fi ń gbóná, tí ó ń wú, tí ó sì ń di egbò. Ẹ̀yà rẹ̀ méjì ni ó ṣe pàtàkì. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ulcerative colitis ń gbé inú ìfun ńlá. Samuel Wilks kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1859. Èkejì lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Orúkọ Burrill Crohn ni wọ́n fi ń pè é, nítorí pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York ní 1932. Ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì ń hù: wọ́n máa ń lọ, wọ́n sì máa ń bọ̀. Wọ́n lè sinmi fún oṣù mélòó kan, kí aláìsàn rò pé òun ti bọ́, kí wọ́n sì tún gbérí. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ìpìlẹ̀ ohun tí a fẹ́ sọ.

Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé àìsàn Òyìnbó ni àwọn méjèèjì, pé kò kan aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ní 2008, ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ilẹ̀ Ghánà gbé àkọsílẹ̀ jáde nípa àwọn tí wọ́n rí i lára wọn ní Korle Bu, ilé ìwòsàn tí a ṣí ní Accra ní 1923. Àìsàn náà wà láàrin wa. Lóòótọ́, kò wọ́pọ̀ níhìn-ín tó bí ó ti wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bá wo inú ìfun rẹ̀, a kò lè kà á mọ́ àwọn tí ó ní i.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, ikọ́ ife tí ó wọ inú ìfun, àti jẹjẹrẹ ìfun, gbogbo wọn ni ó lè mú ẹ̀jẹ̀ wá ní ìdí. Oògùn líle tí ó ń pẹ̀tù sí ogun inú ara fún ẹni tí ó ní àrùn Crohn lè ṣekú pa ẹni tí ikọ́ ife wà nínú ìfun rẹ̀, nítorí pé ó gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tí ì bá máa bá kòkòrò náà jà. Nítorí náà, orúkọ àìsàn ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú oògùn, ìbáà jẹ́ oògùn ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ àgbo. Ìgò tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àìsàn kò mọ orúkọ àìsàn kankan.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀kọ́ òkè òkun ti gba ọkàn wa, pé a ti di Òyìnbó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ulcerative colitis gan-an ní í ṣe pẹ̀lú èèpo igi. Ní nǹkan bí 1940, dókítà obìnrin kan ní Sweden, Nanna Svartz, bẹ̀rẹ̀ sí í lo sulfasalazine, oògùn tí wọ́n so èròjà méjì pọ̀ láti fi ṣe. Ní 1977, Azad Khan àti Truelove fi hàn ní Oxford pé ọ̀kan nínú èròjà méjèèjì ni ó ń wo ìfun náà. Èròjà yìí jẹ́ ẹbí ohun tí ó wà nínú èèpo igi willow, tí àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ń sè fún ibà àti ara ríro. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é lónìí, mesalazine sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin oògùn Òyìnbó àti ewé kò tó bí a ti ń pariwo rẹ̀. Èèpo igi ni tiwọn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wá èròjà tí ó ń ṣiṣẹ́ kàn, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ka iye ẹni tí ó wò àti iye ẹni tí kò wò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun ọ̀gbìn mẹ́ta tí wọ́n ti dán wò lára ènìyàn fún àìsàn yìí.

Èkíní ni atalẹ̀ pupa, tí èròjà tí ń jẹ́ curcumin fún ní àwọ̀. Ní 2006, Hanai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù gbé ìdánwò kan jáde. Aláìsàn 89 ni wọ́n kó jọ, àwọn tí ulcerative colitis wọn ń sinmi. Gbogbo wọn ń lo oògùn wọn lọ. Wọ́n fi curcumin gíráàmù 2 lóòjọ́ kún ti àwọn kan, wọ́n fi hóró òfìfo, tí kò ní oògùn kankan nínú, kún ti àwọn yòókù, aláìsàn kò sì mọ èyí tí òun ń gbé mì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ẹni 43 tí ó lo curcumin, 2 ni àìsàn padà sí lára; nínú ẹni 39 tí ó lo òfìfo, 8 ni. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláìsàn náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: curcumin kò lé oògùn ilé ìwòsàn jáde, wọ́n jọ rìn ni.

Èkejì yóò ya àwọn ìyá wa aláró lẹ́nu. Aró ni. Èròjà tí ń jẹ́ indigo, tí ó wà nínú èlú tí a fi ń pa àdìrẹ láró ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, tí àwọn aláró Daboya ní àríwá Ghánà náà sì mọ̀ dunjú, wà nínú ewé mìíràn ní Ṣáínà. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ máa ń ṣe é ní ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní qing dai. Ní 2018, Naganuma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n dán ìyẹ̀fun yìí wò lára aláìsàn 86 tí ulcerative colitis ń bá jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nínú ọgọ́rùn-ún tí ó lo òfìfo, bí 14 ni ara wọn yá díẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó lo ìwọ̀n tí ó kéré jù, bí 70 ni. Nínú àwọn tí ó lo ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù, 81 ni. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Síbẹ̀, wọ́n dá ìdánwò náà dúró kí ó tó parí. Ìròyìn ti dé pé ẹnì kan tí ó ń ra ìyẹ̀fun náà lò fúnra rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú àwọn òpó tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tí ó lè pa ènìyàn. Ní 2016, ìjọba Jàpáànù ṣe ìkìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ohun tí ó ní agbára láti wo ìfun ní agbára láti ba ẹ̀yà ara mìíràn jẹ́ pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ bu omi aró mu nítorí ohun tí a kọ yìí!

Ẹ̀kẹta ni ewé kíkorò kan tí àwọn oníṣègùn Íńdíà àti Ṣáínà mọ̀ dáadáa, tí ń jẹ́ Andrographis paniculata. Ní 2013, Sandborn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí nínú ìdánwò tí wọ́n fi ewé náà ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lára aláìsàn 224. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó lo ìwọ̀n tí ó pọ̀, ara 60 yá sí i. Nínú àwọn tí ó lo ìwọ̀n tí ó kéré, 45. Nínú àwọn tí ó lo òfìfo, 40. Nígbà tí wọ́n wá gbé ìdánwò tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, wọ́n dá a dúró ní 2014 nítorí pé kò jọ pé ewé náà yóò borí òfìfo.

A bẹ̀ yín, ẹ tún iye ìkẹyìn yẹn kà: ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí kò fẹnu kan ewé náà ni ara wọn yá sí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò purọ́, àwọn aláìsàn náà kò sì purọ́. Àìsàn tí ń lọ tí ń bọ̀ ni. Ó lọ sinmi ni. Bí ó bá jẹ́ pé alágbo kan ní Tudu ni ó ta omi lásán fún ọgọ́rùn-ún aláìsàn, ó ṣeé ṣe kí ogójì máa yin orúkọ rẹ̀ káàkiri ìlú, kí wọ́n sì máa jẹ́rìí ohun tí ojú wọn rí. Ọgọ́ta tí kò rí ìwòsàn yóò dákẹ́ sílé. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí ẹnu kò fi lè tó nínú ọ̀rọ̀ àìsàn yìí, bí ẹni tí ń jẹ́rìí náà tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn.

Nílé wa ńkọ́? A kò jókòó lásán. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ èròjà kan tí ń jẹ́ kolaviron nínú orógbó, orógbó tí a fi ń súre fún ọmọ tuntun. Wọ́n fún àwọn eku ní omi tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́, èyí tí ń dá egbò sí ìfun. Ní 2013, wọ́n kọ ọ́ jáde pé egbò náà kò le lára àwọn eku tí ó gba kolaviron bí ó ti le lára àwọn tí kò gbà á. Ní 2015, wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa èròjà kan nínú atalẹ̀. Ní Ghánà, nibima ni gbòǹgbò tí àwọn Akan ń lò fún ibà. Ní 2007, Olajide àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èròjà inú rẹ̀, cryptolepine, lè pa agogo kan lẹ́nu mọ́ nínú ara, agogo tí ó ń pe àwọn ọmọ ogun ara jáde láti wá jà. Agogo yìí náà ni ó ń dún láìdákẹ́ nínú ìfun àwọn aláìsàn tí a ń wí. Ṣùgbọ́n cryptolepine kan náà máa ń di àkọsílẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì mú, ìyẹn DNA, ẹ̀rù sì ń ba àwọn onímọ̀ pé ó lè pa sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣẹ̀.

Iṣẹ́ ribiribi ni gbogbo ìwọ̀nyí, ó sì yẹ kí olúkúlùkù olùkọ́ mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni a fi ọwọ́ dá egbò sí ìfun eku. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àìsàn yìí fi ń bá ènìyàn gbé. Láti ara eku dé ara ènìyàn, afárá gígùn ni, owó àti ìfaradà ni a sì fi ń kọ́ ọ.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé àwọn baba wa ti dán ewé wọ̀nyí wò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó jẹ májèlé ní alẹ́ tí ó kú ní òwúrọ̀, àwọn baba wa rí i, wọ́n sì sá fún ewé náà. Ẹni tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, wọ́n rí i pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀ fúnra rẹ̀, ta ni ó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ewé ni ó lé e lọ? Ewé tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ta ni yóò so ikú ọdún kẹfà mọ́ ọn? Kì í ṣe pé ọgbọ́n àwọn baba wa kò tó. Irú àìsàn yìí kò ṣeé fi ojú mọ̀ ni. Kíkà ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí pé oníṣègùn àtijọ́ mọ aláìsàn rẹ̀ àti ilé tí ó ti wá. Bí oògùn kò bá jẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n yóò tún wá. Ẹni tí ó ń fi gbohùngbohùn ta ìgò ní ibùdókọ̀ lónìí, ibòmíràn ni yóò wà lọ́la. Kí a má ṣe fi orúkọ àwọn baba wa bo irú òwò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé a lè ṣe iṣẹ́ yìí bí ó ti yẹ. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá, Ẹni Ọ̀wọ̀ Ogunyale, ní oògùn kan fún àrùn foníkú-fọ̀ladìde. Iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Ó fi í lé ọwọ́ ilé ìwádìí oògùn tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Abuja ní 1987. Wambebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hóró òfìfo dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfìfo, ní ọ̀nà tí gbogbo ayé gbà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2001 pé ó dín ìnira àwọn aláìsàn kù. Ní 2006, ó bọ́ sọ́jà lábẹ́ orúkọ Nicosan. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà, tí ó gba àṣẹ láti máa ṣe é, wọko gbèsè ní 2008, oògùn náà sì di àwátì. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí: ewé tiwa lè dúró níwájú ìdánwò líle, bí àpò ẹlòmíràn bá sì ni ó gbé e ró, ọjọ́ tí àpò náà bá já, tiwa ti bàjẹ́.

Ní Ghánà pẹ̀lú, ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Dókítà Oku Ampofo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ó padà sílé, kò sì ka àbẹ̀wò sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí àbùkù. Ní 1975, ìjọba dá ibùdó ìwádìí ewé àti egbò sílẹ̀ ní Mampong-Akuapem, lórí òkè ní àríwá Accra, òun sì ni olùdarí àkọ́kọ́. Láti 2001 ni Yunifásítì tí ó wà ní Kumasi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣègùn ewé títí wọ́n fi ń gba oyè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghánà fi àṣẹ sí i pé kí wọ́n dán nibima wò lára ènìyàn fún àrùn COVID-19. Bí ilẹ̀ kan bá lè ṣe èyí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, ó lè ṣe é fún àìsàn tí kì í pariwo.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè.

Lọ́wọ́ ìjọba Ghánà àti ti Nàìjíríà, a ń béèrè pé kí wọ́n fi owó sí ìdánwò kan ṣoṣo tí wọ́n yóò jọ ṣe. Àwọn aláìsàn tí ó ní àìsàn yìí kò pọ̀ ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Korle Bu nìkan kò lè dá a ṣe, bẹ́ẹ̀ ni Kumasi, Ìbàdàn àti Èkó kò lè dá a ṣe. Bí wọ́n bá para pọ̀, wọn yóò pọ̀ tó láti kà. Kí wọ́n mú ohun ọ̀gbìn kan, ìbáà jẹ́ orógbó. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kò léwu. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi kún oògùn tí aláìsàn ń lò, kí ó má ṣe jẹ́ pé wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ghánà gba òmìnira ní 1957, Nàìjíríà ní 1960. Òmìnira tí kò lè wọn ewé ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ṣì kù díẹ̀ káàtó.

Lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, a ń béèrè pé kí wọ́n bá oníṣègùn tí ó bá fi ìmọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n kọ ìwé àdéhùn. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, láti inú èso rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ thaumatin, ohun adùn tí ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan sọ di ọjà títà. Kí irú rẹ̀ má ṣe máa kọjá lójú wa bí ẹni ń wo eré. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Nagoya ní 2010 dúró fún irú ọ̀rọ̀ yìí, pé kí ẹni tí ó ni ewé àti ìmọ̀ pín nínú èrè rẹ̀.

Lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti alágbo olóòótọ́, a ń béèrè pé kí wọ́n fi ìgò ajẹ́-fún-gbogbo-àìsàn sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ àti ikun bá ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde tí kò dá, tí ó ń rù, tí ibà ń ṣe, kí wọ́n fi ọ̀nà ilé ìwòsàn hàn án kíákíá. Iyì ni èyí yóò jẹ́ fún wọn.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́, tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, a ń béèrè pé kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ ewé ilẹ̀ wọn, kí ẹ sì kọ́ wọn ní bí a ti ń kà á: ẹni mélòó ni ó lò ó, ẹni mélòó ni ó yá, ẹni mélòó ni ara rẹ̀ yá láìlò ó? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí, kò sí alágbo tàbí ilé iṣẹ́ oògùn Òyìnbó tí yóò rí i tàn jẹ.

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ní èrò tiwa, ewé kan tí ó kù nínú oògùn wa ni wíwọ̀n àti kíkà yìí. Inú igbó kọ́ ni a ó ti já a. Ọwọ́ ara wa ni ó wà.

Ẹ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n, èsì tí a jẹ yín ní gbèsè nìyí. Ewé wa lè má kéré sí oògùn Òyìnbó, ṣùgbọ́n a kò tíì wọ̀n ọ́n tán, àwa tí a kọ ọ́ bí ẹni pé a ti wọ̀n ọ́n ni a sì jẹ̀bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín, ẹ sọ gbogbo àgbo tí ẹ ti mu fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, kí ẹ sì máa lo oògùn yín bí ara tilẹ̀ yá. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ka orógbó tí ó sì pé, àwa fúnra wa ni a ó gbé e wá sílé yín.